Mo fẹ́ du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, wọ́n ní igbákejì ni tobìnrin

Àdùkẹ́300L

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ 300 level ni mí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa máa dìbò yan ìgbìmọ̀ tuntun. Láti 100 level ni mo ti ń ṣe aṣojú kíláàsì. Èmi ni mo ń sáré tọ àwọn olùkọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá yí ọjọ́ ìdánwò padà, èmi náà ni mo ń wá èsì ẹni tó bá sọnù kiri. Mo wá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo fẹ́ du ipò ààrẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní ààrẹ kì í ṣe tobìnrin, igbákejì ni tobìnrin. Wọ́n ní bí mo bá gba fọ́ọ̀mù igbákejì, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi du ú, wẹ́rẹ́ ni màá wọlé.

Ọkùnrin méjì ló ti gba fọ́ọ̀mù ààrẹ. Ọ̀kan nínú wọn lówó lọ́wọ́, ó ti ń tẹ orúkọ sára fìlà. Èmi ò ní ju ₦15,000 tí mo lè ná sí i.

Ṣé kí n gba igbákejì kí ọ̀rọ̀ tán? Bí mo bá sì ta kú sí ààrẹ, níbo ni màá ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáÌbejìMọ́níyà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú ìlàkàkà. Èmi rò pé kí o gba igbákejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣe igbákejì lọ́dún yìí, kí gbogbo wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìyókù á yanjú. Èmi náà ní ọmọ obìnrin ní yunifásítì, ohun tí màá sọ fún un nìyẹn. Ìwé rẹ ló ṣe pàtàkì jù, má jẹ́ kí ìbò dí ọ lọ́wọ́.

ỌmọKatanga

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò bá yín fẹnu kò lórí èyí. Àdùkẹ́, 300 level lo wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ àṣekágbá á ti wọlé dé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́dún àṣekágbá du ipò ààrẹ. Bí o bá ní o fẹ́ dúró de ọdún mìíràn, ọdún mìíràn ò sí.

Independence Hall ni mo gbé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibi tí àwa ń pè ní Katanga. Mo ti ṣe kòkáárí ìpolongo fún èèyàn mẹ́ta nígbà tí mo wà nílé ìwé. Méjì wọlé, ọ̀kan jábọ́. Lára ẹni tó jábọ́ yẹn ni mo ti kọ́gbọ́n jù. Ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òru mẹ́rin la fi ṣe pósítà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a sì lẹ̀ ẹ́ kiri títí dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Yàrá àwọn 100 level nìkan la ò dé, àfi nígbà tí ìbò ku ọ̀la. Ọmọ kan tó ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà ló gbójú sókè wò wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kù ti wá lẹ́ẹ̀mẹta o." Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi borí wa. Mo ṣì ń rántí ojú ọmọ yẹn.

Torí náà, kí o tó pe ẹnikẹ́ni, wá ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kà á tán pátápátá. Wo CGPA tí wọ́n ń béèrè, wo bóyá o gbọ́dọ̀ fi rìsíìtì owó ẹgbẹ́ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn, wo iye ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ, wo ọjọ́ tí àjọ elétò ìdìbò ní kí ìpolongo bẹ̀rẹ̀. Mo mọ olùdíje kan tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé pósítà rẹ̀ sórí WhatsApp nígbà tí ìpolongo ṣì ku ọjọ́ méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é o, òun fúnra rẹ̀ ń sùn ni. Kìlọ̀ fún àwọn tìrẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, jókòó ṣírò. Béèrè lọ́wọ́ akápò iye ẹni tó ti san owó ẹgbẹ́, torí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka àwọn yẹn nìkan ló lè dìbò. Ká ní 600 ni yín. Gbogbo 600 kọ́ ló máa dìbò. Bí 400 bá jáde, tí ẹ̀yin mẹ́ta pín in, ẹni tó bá rí 170 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààrẹ. Èèyàn 170 yẹn, olúkúlùkù ló lórúkọ. Ra ìwé àjákọ kan, pín in sí level kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ wọn sí i. Sàmì sí ẹni tó ti gbà fún ọ, sàmì sí ẹni tó ti gbà fún ẹlòmíràn, sàmì sí ẹni tí kò tíì mọ èyí tó máa ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ni kí o lo àkókò rẹ sí. Àárín 100 level ni wọ́n pọ̀ sí jù, torí wọn ò tíì wọ agbo ẹnikẹ́ni.

SìsíAkọ̀wé

Mo ti ṣe igbákejì ààrẹ rí. Mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì gbọ́ ohun tójú mi rí, torí mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò sí Àdùkẹ́.

Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò bá mi du ú, wẹ́rẹ́ ni mo wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ mi ni kí n ṣètò oúnjẹ ọjọ́ àríyá, kí n wọ aṣọ tó dáa, kí n kí àlejò káàbọ̀. Ìpàdé tí wọ́n ti pín owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wa, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ṣe é, nínú yàrá ààrẹ, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin. Obìnrin ò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ mọ́ bí aago mẹ́jọ bá ti lù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ìwé ìnáwó ránṣẹ́ sí mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Àdùkẹ́, bí o bá ti rí ìwé òfin yẹn, wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin ò lè ṣe ààrẹ. Nínú tiwa, mo wá a tì. Àṣà lásán ni, ẹnì kan ló sì dá a sílẹ̀.

Rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti l'Abẹ́òkúta. Obìnrin tó lọ kàwé nílùú òyìnbó ni. Nígbà tó fẹ́ bá àwọn ìyá ọlọ́jà ja ìjà owó orí, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń bá wọn sọ nípàdé. Ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Ìjà àwọn obìnrin yẹn ló lé Aláké Adémọ́lá kejì kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Ẹni tó bá tún sọ fún ọ pé igbákejì ni tobìnrin, bi í pé igbákejì ta ni màmá yẹn ṣe.

Kọ́ládé200L

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ayé ti yí padà. Ilé ìwé ni mo wà báyìí, mo ń rí i. Ẹni tó bá pín indomie àti data ló ń wọlé. Ebi ń pa akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ bá gbé ìwé àjákọ nìkan wá, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì lọ dìbò fún ẹni tó fún wọn ní nǹkan. ₦15,000 kò lè ṣe fìlà tó nítumọ̀. Ẹ tún wo ti ẹ̀sìn: àwọn ará MSS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, àtàwọn ará fellowship, ti Kìrìsìtẹ́nì, máa ń fẹnu kò sórí ẹnì kan kí ìbò tó dé. Ẹni tí kò bá léèyàn níbẹ̀, ó máa ṣòro fún un.

ỌmọKatanga

Kọ́ládé, òótọ́ lo sọ nípa ebi, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n bòńkẹ́lẹ́ ni ìbò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ indomie olùdíje mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, tó sì dìbò fún ẹni kẹrin tó bá a gbé àpótí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kí Àdùkẹ́ fi ₦15,000 rẹ̀ tẹ bébà kan fún yàrá kan, kì í ṣe kan fún ẹnì kan. Orúkọ rẹ̀, ohun mẹ́ta tó fẹ́ ṣe, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná ẹgbẹ́. Kó tọ́jú ìyókù fún data àti omi.

Ní ti ẹ̀sìn, kó lọ kí àwọn olórí méjèèjì ní gbangba, lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ tó bá bá àwọn Mùsùlùmí sọ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun náà ni kó bá àwọn Kìrìsìtẹ́nì sọ lọ́jọ́ Àìkú, torí yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Ẹ̀gbọ́nManchester

Láti Manchester ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi dùn sí Àdùkẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun níbí. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London lọ́dún 1925.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kó mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń sanwó oṣù fún ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1994 ní ìbò bòńkẹ́lẹ́ ni kí wọ́n máa fi yan àwọn tó wà nípò ńlá, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ọdún méjì lọ nínú ipò olówó oṣù yẹn. Bí o bá wo ìwé ìdìbò wọn, wàá rí RON lábẹ́ orúkọ àwọn olùdíje. Ẹni tó bá dìbò fún RON ń sọ pé kò sí ẹni tó tẹ́ òun lọ́rùn nínú wọn, kí wọ́n tún pe àwọn tó fẹ́ díje. Bó bá ṣe ìwọ nìkan lò ń díje, ìwọ àti RON ni. Mo ti rí ẹni tó ń díje lóun nìkan tó ń kan ilẹ̀kùn kiri bí ẹni tí èèyàn mẹ́wàá ń bá du ú.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ du ú" ò fi dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tí wọ́n gbé ipò fún láìdìbò, ó rọrùn láti máa gbójú fò ó, bí wọ́n ṣe ṣe fún Sìsí. Lọ síbi tí wọ́n á ti kà ọ́ mọ́ ìbò.

Àdùkẹ́300L

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gba fọ́ọ̀mù ààrẹ lónìí. Mo ka ìwé òfin wa lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ibì kankan tó ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Nǹkan mìíràn ti yọjú. Ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rán ọmọ kíláàsì mi sí mi. Ó ní òun á fún mi ní ₦200,000, kí fọ́tò òun ṣáà wà lẹ́yìn bébà ìpolongo mi, kí n sì kó àwọn ọmọ ẹ̀ka wa wá síbi ìpàdé òun lẹ́yìn ìbò. Mi ò tíì dáhùn. Kí n má parọ́ fún yín, owó náà wọ̀ mí lójú.

ÀgbàOlùkọ́

Má gbà á, ọmọ mi. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti ṣe alámòójútó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fọ́dún pípẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ipò yẹn jẹ́ fún ọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépẹ̀jú nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn títí dòní. Lọ́dún 1978, ìjọba fi owó kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣẹ́gun Òkéowò ni ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, nígbà náà, Ahmadu Ali sì ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ ni ariwo "Ali Must Go" ti wá. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba fòfin de NUNS, ó di ọdún 1980 kí NANS, ẹgbẹ́ tó rọ́pò rẹ̀, tó dìde. N'Ífẹ̀, lóru ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Awo Hall, họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní yunifásítì ibẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn.

Bí wọ́n bá fi owó kún owó ilé ìwé lọ́la, ìwọ làwọn ẹgbẹ́ rẹ máa wò lójú. Ẹni tó ti gba ₦200,000 olóṣèlú, ojú olóṣèlú ló máa kọ́kọ́ wò kó tó lanu. Dá ọmọ kíláàsì rẹ lóhùn jẹ́jẹ́, má bú ẹnikẹ́ni: "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, owó ara mi ni mo fẹ́ ná." Kọ ọ́ sílẹ̀ ní WhatsApp kó lè wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo.

Ní ti ìlérí, má ṣèlérí ohun tí ẹgbẹ́ ò lágbára lé lórí. Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ kí olùdíje ẹ̀ka ní òun á mú iná wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Báwo? Bí 600 akẹ́kọ̀ọ́ bá san ₦2,000 ₦2,000, ₦1,200,000 ni gbogbo rẹ̀. Yọ owó eré ìdárayá kúrò, yọ ti ìkíni-káàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun, yọ ti àríyá ìparí ọdún. Wo ohun tó ṣẹ́kù, kí o wá wo ohun tó lè ṣe. Gba ìròyìn ìnáwó ọdún tó kọjá lọ́wọ́ akápò. Bí kò bá sí, o ti rí ohun tí o máa sọ.

BàbáÌbejìMọ́níyà

Mo fi ohun tí Sìsí kọ han ọmọbìnrin mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe fún igbákejì tiwọn. Àdùkẹ́, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Máa lọ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ.

Àdùkẹ́300L

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dá a lóhùn bí Bàbá Olùkọ́ ṣe wí, ó sì tán síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti fi ń rìn, láti aago méje àbọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́. Yàrá mọ́kànlélógójì ni mo ti wọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin, àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì ló sìn mí lọ. Kí n tó sọ pé mo ń díje, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló ń ni yín lára jù ní ẹ̀ka wa?" Mo rò pé ìwé ìdánwò àtijọ́ àti iná yàrá ìkàwé ni wọ́n máa sọ. Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́.

Ohun tí mi ò retí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní irin tí èèyàn lè fi tì í láti inú. Ọmọ 100 level kan tó ń já ẹ̀fọ́ sínú abọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ṣe lòun máa ń na ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn, tí òun á fi eyín di okùn báàgì mú kó má baà kan ilẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú yàrá ní òun kì í mu omi rárá láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ní kíláàsì mẹ́ta. Lẹ́yìn yàrá yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní tààrà, yàrá obìnrin mẹ́rìndínlógún ló sọ ohun kan náà. Èmi náà ti ń lo ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rántí mọ́ pé ó yẹ kí ilẹ̀kùn ṣeé tì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo kọ ọ́ sínú ìwé, àyà mi sì wúwo.

Ọjọ́ Ẹtì ni alẹ́ mánífẹ́sítò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún wa. Ẹ̀rù ariwo wọn ń bà mí.

ỌmọKatanga

Wọ́n á pariwo, má tàn ara rẹ. Ariwo yẹn kì í ṣe ìkórìíra, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n ni. Ní Katanga, a máa ń kọrin lé olùdíje lórí títí òógùn á fi bò ó. Ẹni tó bá bínú ti tẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sáré kàwé rẹ̀ kọjá, ó ti tẹ́. Dúró, wo ọwọ́ ẹ̀yìn hall níbi tí àwọn alariwo máa ń jókòó sí, jẹ́ kí wọ́n rẹ̀ díẹ̀, kí o wá sọ gbólóhùn kan tí wọn ò retí. Má mú bébà dání. Sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ọjọ́ tó pé, kí ọ̀rẹ́ náà máa pariwo lé ọ lórí bí o ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa dìbò, béèrè orúkọ àwọn olùdìbò lọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò kí ọjọ́ ìbò tó kù sí méjì. Fi ìwé àjákọ rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Yan aṣojú tó máa jókòó ti àwọn elétò títí wọ́n á fi kéde, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kì í sùn.

SìsíAkọ̀wé

Máa rọra sọ̀rọ̀. Bí máìkì bá ń hó, gbé e jìnnà sí ẹnu díẹ̀, má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ohùn obìnrin kì í dùn bó bá ń jágbe mọ́ máìkì, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń wá ohun tí wọ́n máa fi sọ pé o ò kápá rẹ̀. Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Sọ ti ilẹ̀kùn yẹn o! Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti sọ ọ́ níwájú ọkùnrin.

Àdùkẹ́300L

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti alẹ́ mánífẹ́sítò. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Bí wọ́n ṣe pe orúkọ mi ni ọwọ́ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀: "Igbákejì! Igbákejì! Igbákejì!" Wọ́n ń gbá tábìlì. Mo dúró. Mo ń ka iye fèrèsé tó wà nínú hall nínú ọkàn mi, mo kà á dé mẹ́rìnlá kí ariwo tó rọlẹ̀. Mo wá béèrè pé, "Ta ló mọ iye tí ẹgbẹ́ wa gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá?" Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Olùdíje tó ń tẹ fìlà yẹn, inú ìgbìmọ̀ tó ń kógbá sílé ló wà, mo rí i tó tẹ orí ba. Mo sọ iye náà fún wọn, mo sọ iye tó lọ sórí àríyá, mo sọ pé wọn ò tíì lẹ ìròyìn ìnáwó kankan mọ́ pátákó. Mo ní bí mo bá wọlé, oṣooṣù ni wọ́n á máa rí i lára pátákó, pẹ̀lú rìsíìtì.

Mo wá sọ ti ilẹ̀kùn. Mo sọ ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń nà, mo sọ ti ẹni tí kì í mu omi. Ní hall yẹn, ẹ ò lè gbọ́ ohùn kankan. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ láti apá ọ̀tún, àwọn obìnrin tó kù wá gbà á. Ọkùnrin kan láti ọwọ́ ẹ̀yìn, lára àwọn tó ń gbá tábìlì, dìde dúró, ó ní òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kọ́ládé200L

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ara mi ṣe gììrì níbi tí mo ti ń kà á. Mo fẹ́ kí ẹ wọlé gidigidi.

Àdùkẹ́300L

A ti dìbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Katanga sọ nípa orúkọ olùdìbò ló gbà mí là. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ 100 level mẹ́tàdínlógójì ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti san owó ẹgbẹ́, wọ́n ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ nọ́ńbà matric wọn sínú kọ̀ǹpútà ti fo ojú ìwé kan. A kó rìsíìtì wọn jọ lóru ọjọ́ yẹn, a gbé e lọ fún àjọ elétò ìdìbò láàárọ̀. Olùdíje kẹta bá wa lọ, torí ọ̀rọ̀ náà kan òun náà. Wọ́n tún un ṣe, wọn ò bá wa jiyàn.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n kéde. Mo ní 168. Ẹni tó tẹ fìlà ní 159. Ẹni kẹta ní 66. Bí àwọn mẹ́tàdínlógójì yẹn ò bá sí níbẹ̀, mi ò rò pé màá wọlé.

Mo lọ kí àwọn méjèèjì ní yàrá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni kẹta ti gbà láti bá mi mójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìdánwò àtijọ́, torí òun ló ní wọn jọ jù lọ. Ẹni tó tẹ fìlà ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá tún lọ kí i.

SìsíAkọ̀wé

Ààrẹ! Ẹkún ni mò ń sun níbi iṣẹ́ báyìí, àwọn ará ọ́fíìsì ń bi mí pé kí ló dé. Níbo lẹ ti máa ṣe ìpàdé yín àkọ́kọ́?

Àdùkẹ́300L

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ẹ̀gbọ́n mi, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú. Mo kọ ọ́ síwájú pátákó pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ lè wá. Kò ní sí ìpàdé kankan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Lánàá, èmi àti akápò lọ ra irin ilẹ̀kùn mẹ́rin àti ìṣó lọ́jà. Káfíńtà ilé ìwé bá wa kàn án, owó omi tútù ló gbà. A ti lẹ rìsíìtì rẹ̀ mọ́ pátákó. Ọmọ tó ń já ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wọlé. A gbọ́ bí irin náà ṣe ró nígbà tó tì í, ó sì pẹ́ kó tó jáde.